Bí ẹ ṣe lè ka ewì ogun kẹ́ ẹ rí ẹ̀bi tó wà lọ́kàn sójà, àti asán tó wà nínú ogun

Tí wọ́n bá gbé ewì ogun fún èèyàn pé kó kà á kó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ rí ni ẹ̀jẹ̀, òkú àti ariwo ìbọn, á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé akéwì fẹ́ ká mọ̀ pé ogun ò dáa, ó parí. Ṣé ẹnì kan wà tó ní ogun dáa ni? Ẹni tó kọ ìyẹn ò tíì ka nǹkan kan. Ohun témi rí ni pé sójà tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú kì í sábà sọ pé òun jẹ̀bi, ẹnu ẹ̀ ló máa ń tú àṣírí ẹ̀. Á tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́ níbi tí kò yẹ kó dákẹ́ sí, á máa ṣàlàyé ohun tẹ́nì kankan ò bi í. Ibi tí ẹnu ẹ̀ ti kọsẹ̀ yẹn lẹ máa wá. Asán ogun náà, inú ìbéèrè tí wọ́n bi tí kò sẹ́ni tó dáhùn ló máa ń wà jù.

Àwọn ewì tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, kò sí èyí tó gùn jù, ẹ máa rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà tẹ́ ẹ bá rọ́nà ẹ̀, torí ẹ máa fa ìlà sí i lára dáadáa.

1. Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ tó lọ bi Google

Ẹ kà á sí ara yín létí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má kà á bí ìròyìn o, ẹ kà á bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ibi tí ahọ́n yín bá ti kọsẹ̀, ibi tí èémí ti já láàárín ìlà, ibi tẹ́ ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lẹ tún ń pè, ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí i nídìí, ẹ má tíì ṣàlàyé nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ ka ìtàn ìgbésí ayé akéwì, ìtàn yẹn nìkan lẹ máa máa rí nínú ewì.

2. Ta ló ń sọ̀rọ̀?

Ẹni tó kọ ewì àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Thomas Hardy tó kọ "The Man He Killed" lọ́dún 1902, ọdún tí ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn òyìnbó àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Boer parí ní South Africa, kò ṣe sójà rí. Ọkùnrin kan lásán ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí lẹ́nu, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó wá lọ wọṣẹ́ sójà. Simon Armitage tó kọ "Remains" náà ò jagun, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn sójà tó ti ogun dé ló fi ṣe é, fún fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan tó jáde lọ́dún 2007. Wilfred Owen ńkọ́? Ọ́físà lòun, ó kó àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn ní Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ojú ẹ̀ rí i. Síbẹ̀ náà, "èmi" tó wà nínú ewì ẹ̀, ẹ má sáré sọ pé Owen fúnra ẹ̀ ló ṣe gbogbo ohun tí "èmi" yẹn ní òun ṣe.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ wò ó bóyá ó mọ̀ pé ẹjọ́ ara òun lòun ń rò. Ọkùnrin ti Hardy kò mọ̀, ó rò pé ìtàn lásán lòun ń sọ. Sójà ti Armitage bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni tó ti ń ròyìn bọ̀ látẹ̀yìn, bí ìgbà téèyàn ní "ìgbà kan tún wà o", òun náà rò pé ìtàn lòun ń sọ. Ohun tó jẹ́ kí ewì méjèèjì dun èèyàn gan-an nìyẹn.

3. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti há

Ibí niṣẹ́ wà, ẹ má kánjú níbí.

Ẹ ṣí ewì Hardy, ẹ lọ sí abala kẹta nínú márùn-ún. Ọkùnrin yìí fẹ́ sọ ìdí tó fi yìnbọn pa ẹnì kejì ẹ̀ lójú ogun. Ó ní òun pa á torí pé... ìlà já síbẹ̀, ó fa igi gbọọrọ kan (—), kò sí ìdí kankan lẹ́yìn ẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "torí pé" kan náà, ó wá ní torí pé ọ̀tá òun ni. Ó yẹ kó tán síbẹ̀ àbí? Kò tán o. Ó tún un sọ pé ọ̀tá òun ni mọ̀nà, ó ní ìyẹn yé èèyàn kedere, ó wá fi "àmọ́" kan parí abala yẹn. Ẹ kà á dáadáa, ìlà mẹ́rin péré ni, ìdí kan ṣoṣo ló rí sọ, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹnu mọ́ ọn pé ó yéni, ó sì tún ní "àmọ́". Bí ọmọ tí wọ́n bá nídìí abọ́ tó fọ́ ṣe máa ń ṣàlàyé kí wọ́n tó bi í ló rí. Ẹni tí ìdí ẹ̀ tó lójú ara ẹ̀ kì í wí i ní àwítúnwí.

"Àmọ́" yẹn ló wá gbé e wọ abala kẹrin, ibẹ̀ ló ti ń rò ó pé ọkùnrin tóun pa yẹn, bóyá bí òun alára ṣe wọṣẹ́ sójà lọkùnrin náà ṣe wọ̀ ọ́, láìronú lọ títí, torí pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ti ta ẹrù ẹ̀. Nígbà tó máa fi parí ọ̀rọ̀, ó ní ogun yìí ṣàjèjì sóun o, pé ẹni téèyàn máa ra ọtí fún tàbí tó máa fún lówó tí wọ́n bá pàdé nílé ọtí, ẹni yẹn náà lèèyàn ń yìnbọn pa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fura sí.

Ẹ wá gbé "Remains" tì í. Wọ́n rán àwọn sójà lọ kojú àwọn tó ń kó bánkì, ọ̀kan nínú àwọn olè náà na pápá bora, ìbọn ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lè má sí. Wọ́n yìnbọn pa á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí sójà tó ń sọ̀rọ̀ sọ gbólóhùn ìbọn yẹn, bí ìgbà tí sójà ń jábọ̀ fọ́gàá ló dún, kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tó máa sọ ọ́, ó ti wálé, ó ń sùn ni, ọkùnrin yẹn tún já jáde láti ẹnu ọ̀nà bánkì, ìbọn ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lè má sí. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un lọ títí, àmọ́ ó ti di ẹjọ́. Torí tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, á jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe. Tí kò bá sí, apànìyàn ni. Kò sì sóhun tó lè ṣe táá fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sùn.

4. Ẹ yí "àwa" àti "èmi" po

Ẹ mú pẹ́ńsù, gbogbo ibi tí "àwa" wà, ẹ fi róbótó yí i po, gbogbo ibi tí "èmi" wà, ẹ fàlà sí i. Ẹ̀bi máa ń sá sẹ́yìn ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú "Remains", àwa ni wọ́n rán níṣẹ́, èmi àti ẹnì kan àti ẹnì kan tún ni gbogbo wa jọ yìnbọn, kò tiẹ̀ dárúkọ àwọn méjì yòókù. Tó bá wá dé ibi tó ti ní ìtàn parí síbẹ̀, tó sì yára ní kò parí lóòótọ́, ẹ wá "àwa" lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ ò ní rí i. Èmi ló ń rìn kọjá lórí àbàtà ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sójú títì, èmi ló relé, orí mi ni ọkùnrin yẹn wà, ọwọ́ mi ni. Èèyàn mẹ́ta yìnbọn, ẹyọ ẹnì kan ló kù nígbẹ̀yìn. Ẹ tún ka iye ìlà: abala méje tó ní ìlà mẹ́rin mẹ́rin, ìkẹjọ wá ní méjì péré, ibi tí ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn wà nìyẹn, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí sójà yẹn náà ṣe dá wà.

Ẹ wo àkókò náà. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nínú àwọn ewì yìí, ẹni tó ṣu ọ̀hún gan-an ni kò rí i gbàgbé, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ ló ń sọ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. "Dulce et Decorum Est" ti Owen ló fi èyí hàn jù lójú tèmi. Gáàsì olóró dé, àwọn sójà ń sáré wọ ìbòjú wọn, ọ̀kan ò tètè rí tiẹ̀ wọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń wò ó láti inú gíláàsì ìbòjú tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀ ewé bí ìsàlẹ̀ òkun, ọkùnrin náà ń rì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Owen fi àyè sílẹ̀, ó wá kọ ìlà méjì péré tó dá dúró, tó ní nínú gbogbo àlá òun lọkùnrin yẹn ti ń bẹ́ mọ́ òun, tó sì tún ń rì. Jálẹ̀ ewì yẹn, ọ̀rọ̀ tó parí ìlà kan máa ń ní òmíì tó bá a dún mọ́ra, àfi "rì" yìí nìkan, òun fúnra ẹ̀ ni Owen tún gbé wá láti bá ara ẹ̀ dún. Ẹni tó ń lá irú àlá bẹ́ẹ̀ kì í rí ọ̀rọ̀ míì lò.

5. Irú ẹ̀bi wo ni?

Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀bi ẹni tó pààyàn wà, ìyẹn la ti rí lọ́dọ̀ Hardy àti Armitage. Ẹ̀bi ẹni tó wòran wà, torí sójà inú ewì gáàsì yẹn ò pa ẹnikẹ́ni, ó wà níbẹ̀ ni, ìbòjú wà lójú ẹ̀, kò sì lè ṣe nǹkan kan. Ẹ̀bi ẹni tó fi àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ náà wà, èyí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Siegfried Sassoon, akéwì míì tó ja ogun kan náà pẹ̀lú Owen, ní ewì kékeré kan tó ń jẹ́ "Sick Leave", ó sùn sínú ilé tó móoru, àwọn tó ti kú wá dúró tì í lóru, wọ́n ń bi í pé kí ló ń ṣe níbí, ìgbà wo ló máa padà sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó bá a wíjọ́ pé ó pààyàn o. Wíwà láàyè nínú ooru ni wọ́n bá a wí sí.

6. Ẹ wo ojú òkú

Kí ogun tó lè lọ, ọ̀tá ò gbọ́dọ̀ ní ojú. Torí náà, ìgbàkigbà tí akéwì bá fún ọ̀tá lójú, lórúkọ, tàbí lólólùfẹ́, ẹ dúró síbẹ̀. Keith Douglas ja Ogun Àgbáyé Kejì nínú ọkọ̀ táńkì ní Àríwá Áfíríkà, ó kọ "Vergissmeinnicht" lọ́dún 1943. Àwọn sójà padà síbi tí wọ́n ti jà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n bá òkú sójà Jámánì kan nídìí ìbọn ńlá ẹ̀, ọkùnrin yìí gan-an ló yìnbọn lu táńkì wọn lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kínú wọn dùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ná, Douglas ò fi ìyẹn pa mọ́. Àmọ́ fọ́tò ọmọbìnrin kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, Steffi lorúkọ ẹ̀, ó kọ ọ́ sí i pé má gbàgbé mi, ohun tí orúkọ ewì yẹn túmọ̀ sí lédè Jámánì nìyẹn. Eṣinṣin ń rìn lára òkú, àwọn irin ogun ẹ̀ ṣì le koko nígbà tí ara ẹ̀ ń jẹrà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí asán nínú ewì yẹn, irin tó le àti ara tó rà yẹn ni, ohun èlò pẹ́ ju ẹni tí wọ́n ṣe é fún lọ.

Owen lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú "Strange Meeting". Sójà kan sá kúrò lójú ogun wọ inú ihò jíjìn kan, ó bá àwọn tó ń kérora lójú oorun, ọ̀kan dìde wò ó, àṣé ọ̀run àpáàdì ni wọ́n wà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ewì yẹn, òkú ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó wá ya èmi lẹ́nu ni pé kò ṣépè, kò ké, ohun tó ń sọ ni gbogbo ohun tí ì bá ṣe ká ní ó wà láàyè, àti pé ìrètí yòówù kí sójà yìí ní, òun náà ní in rí. Ìparí ẹ̀ ló tó sọ pé ọ̀rẹ́ mi, èmi ni ọ̀tá tó o pa, àná lo gún mi, ọwọ́ mi ti tutù, mi ò fẹ́ jà mọ́, jẹ́ ká sùn. Ká ní ó ṣépè ni, sójà yẹn ì bá rí nǹkan dáhùn, ó pè é lọ́rẹ̀ẹ́, kí ló fẹ́ sọ sí ìyẹn?

7. Asán: ẹ wá ìbéèrè, kẹ́ ẹ sì fetí sóhùn

Ìlà mẹ́rìnlá péré ni "Futility" ti Owen, abala méjì onílà méje méje. Sójà kan kú sínú yìnyín, ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e sínú oòrùn, torí oòrùn ló máa ń jí i nílé, ó ń jí i títí dé Faransé, títí di àárọ̀ yìí. Ẹ wò ó bí ìbéèrè ṣe wá ń gòkè nínú abala kejì: oòrùn tó ń jí irúgbìn, tó jí amọ̀ ilé ayé tó tutù lẹ́ẹ̀kan rí, ṣé kò wá lè jí ara kan tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni? Ṣé torí èyí ni amọ̀ ṣe dàgbà di èèyàn? Kí ló tiẹ̀ dé tí oòrùn fi da ara ẹ̀ láàmú láti jí ilé ayé? Látorí òkú kan, ó ti dórí ìṣẹ̀dá, ewì sì parí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ọ̀tá, kò bú ọ̀gágun kankan. Ẹni tó bá ní ewì yìí ń bú ìjọba, ohun tí kò sí ńbẹ̀ ló kà.

Ti ohùn, ẹ padà sí "Strange Meeting", ẹ ka ọ̀rọ̀ tó parí ìlà méjì méjì. Kọ́ńsónáǹtì wọn bára mu, fáwẹ̀lì wọn ò bára mu, bí ìgbà téèyàn ń retí "bá" tó wá gbọ́ "bó". Etí á máa retí pé kó bára dé, kò ní bára dé láéláé, bẹ́ẹ̀ lẹ máa kà á dé òpin. Owen mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí ẹ ti rí i nínú "Dulce" pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń mú un dún mọ́ra tó bá wù ú.

8. Ìgbà yìí lẹ tó lè lọ ka ìtàn

Ẹ máa rí i pé ọdún 1917 ni Sassoon kọ̀wé pé àwọn tó lágbára láti dá ogun dúró ló ń fà á gùn, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn Craiglockhart ní Edinburgh, ibẹ̀ ni Owen ti pàdé ẹ̀. Àwọn méjèèjì padà sójú ogun. Wọ́n pa Owen lọ́jọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1918, ọmọ ọdún 25 ni, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ogun parí. Wọ́n pa Douglas náà ní Normandy lóṣù kẹfà ọdún 1944, ọmọ ọdún 24. Ó ń dunni, àmọ́ ẹ má fi ikú wọn ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú ewì. Owen ò mọ̀ pé òun máa kú nígbà tó ń kọ ọ́. Ohun tí ìtàn yìí wúlò fún ni pé ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tí ogun ń dà lọ́kàn rú lè padà lọ jà, wọ́n tiẹ̀ fún Owen ní àmì ẹ̀yẹ ológun. Torí náà, ẹ má kọ ọ́ pé akéwì ogun ni ẹni tó kórìíra kó jà.

9. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ mú ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan látinú ewì, ẹ sọ ohun tí ẹnu ń ṣe níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó ń dun ọkàn. Bí àpẹẹrẹ, "Hardy fi hàn pé sójà yìí kábàámọ̀" ò wúlò, kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn lórí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan gbọ́. "Sójà yìí sọ 'torí pé' lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí ìdí kan mú wá, ìdí tó sì mú wá ò tẹ́ òun fúnra ẹ̀ lọ́rùn" dáa jù ú lọ. Ìkíní lè wà fún ewì èyíkéyìí láyé, ìkejì ò lè wà fún òmíì.

Ẹ wá dán ojú yín wò. Ẹ gbé "The Soldier" ti Rupert Brooke sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Futility". Ìparí ọdún 1914 ni Brooke kọ tiẹ̀, ogun ò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìlà mẹ́rìnlá náà ni. Ẹ kà á sókè, ẹ gbé pẹ́ńsù tì í, ẹ wo iye ibi tí ẹnu yín ti máa kọsẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tó dárúkọ England tàbí English, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí Owen dárúkọ ilẹ̀ ẹ̀ nínú ìlà mẹ́rìnlá tiẹ̀. Kò dárúkọ ẹ̀ rárá, Faransé lorúkọ ilẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀, ibi tí ọmọ náà kú sí.